OMO KAN SOSO TO KU

Omi ọṣẹ ṣì ń kán ní ìgbọ̀nwọ́ Ìyá Lọ́yà nígbà tí obìnrin kan já wọ inú ilé ìfọṣọ, tó rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, tó sì bú sẹ́kún.

"Ẹ kú ara fẹ́ra kù o! Háà! Ọlọ́run á tù yín nínú. A ò ní rírú ẹ̀ mọ́ láé."

Kì í ṣe ọ̀rẹ́, kì í ṣe ìbátan. Oníbàárà lásán ni, ẹni tó máa ń kó aṣọ wá lọ́jọọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí kì í sì í kí òṣìṣẹ́ kankan kọjá "ẹ ǹlẹ́ o." Lónìí, ó gbé orí lé Ìyá Lọ́yà léjìká, ó ń fi ikun imú ba aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́ta ló ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Lọ́yà rò pé òun ṣì í gbọ́ ni.

"Ta ló kú?"

Obìnrin náà fà sẹ́yìn. Ó wo ojú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Ṣé wọn ò tíì túfọ̀ fún yín ni?"

Ìyá Lọ́yà ò dúró gbọ́ ìyókù. Aago mẹ́fà àárọ̀ ló fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọsibítù, ọmọ náà ń mí, ó sì ń jiyàn. Aago mẹ́wàá ti lù báyìí. Ó mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́rin. Ó mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ láàárín ìdajì wákàtí pàápàá. Ó sáré jáde tòun ti bàtà òjò lẹ́sẹ̀, tòun ti kálàmù íńkì dúdú tó fi ń sàmì sára aṣọ nínú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá, kò wo títì lọ́tùn-ún, kò wò ó lósì. Awakọ̀ kan bú u. Kò gbọ́.

Kó tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn ọmọdé ló ti gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀.

"Ántí Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin lẹ sọ lánàá pé abẹ́rẹ́ yẹn ló kẹ́yìn. Èwo wá lèyí?"

"Tàná ni mo ní ó kẹ́yìn. Tòní ò sí níbẹ̀."

"Nígbà náà, irọ́ lẹ pa."

Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Lọ́yà nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, láti ọjọ́ tó sì ti lanu sọ̀rọ̀ ni kò ti gba ẹjọ́ kankan láìjiyàn. Ihò kan wà lára ọkàn rẹ̀ tí àwọn dókítà rí ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Bó bá rìn láti bẹ́ẹ̀dì dé fèrèsé, àfi kó jókòó mí, ètè rẹ̀ a sì dúdú bí ẹni tó mu íńkì. Ṣùgbọ́n ẹnu yẹn ò sinmi rí.

Ìyá rẹ̀ wọ yàrá náà. Ó fara ti ògiri, ó sì rọra jókòó sílẹ̀.

"Màámi, kí ló dé tẹ́ ẹ wọ bàtà iṣẹ́ wá? Wọ́n lé yín ni?"

"Wọn ò lé mi. Mo kàn fẹ́ rí ẹ ni."

"Ṣebí ẹ rí mi láàárọ̀."

Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ kúrò lára Ìyá Lọ́yà. Ìbínú ló wá jókòó sáyè rẹ̀, kò sì dìde níbẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Nọ́ọ̀sì pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Obìnrin tó sanra, tí kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ ni. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ni mo fẹ́ rí. Ẹnì kan pè wá láàárọ̀ yìí, ó ń béèrè ìgbà tí ẹ fẹ́ wá gbé òkú. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú u. Àṣé ìwé yín ló kà." Ó na ìwé kan sí i, èyí tí wọ́n já lára géètì ọsibítù.

Àwòrán Lọ́yà ló wà lókè, ó ń rẹ́rìn-ín, eyín iwájú rẹ̀ méjì ti yọ. Nísàlẹ̀ àwòrán náà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà, láìfi àmì kankan sí i:

E JOWO E RAN IDILE YII LOWO.
AISAN OKAN LO N BA OMO ODUN MEFA YII JA.
OMO KAN SOSO TO KU FUN IYA RE NIYI.

Ìyá Lọ́yà fi ojú kà á. Ó tún un kà. Nígbà tó kà á síta, ohùn rẹ̀ lọ síbi tí ohùn gbogbo ènìyàn ń lọ: ọmọ kan ṣoṣo tó kú fún ìyá rẹ̀ nìyí.

"Bí èmi náà ṣe kọ́kọ́ kà á nìyẹn," Nọ́ọ̀sì wí. "Àfìgbà tí mo rántí pé èmi ni mo gún un lábẹ́rẹ́."

Ohun tí wọ́n fẹ́ sọ ni pé Lọ́yà nìkan ló kù. Wọ́n wá kọ ọ́ bí ẹni pé ó ti kú. Gbogbo àdúgbò sì ti kà á.

"Ẹ mọ̀ pé ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni gbèdéke owó," Nọ́ọ̀sì fi kún un, ohùn rẹ̀ ti walẹ̀. Àwọn dókítà ọkàn yẹn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń wá láti òkèèrè. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ tó kẹ́yìn. Bí owó Lọ́yà kò bá pé di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ọmọ mìíràn ni wọ́n máa gbé sórí tábìlì, ó di ọdún tó ń bọ̀. "Ọmọ yìí ò sì ní ọdún tó ń bọ̀ nílẹ̀, Ìyá Lọ́yà. N ò ní tàn yín."

"Oníbúrẹ́dì àdúgbò wa ti ṣèlérí ìdajì owó tó ṣẹ́ kù."

"Ẹ pè é nísinsìnyí. Bóyá òun náà ti ka ìwé náà."

Ó ti kà á.

"Ìyá, ẹ kú ìrọ́jú o," ni Oníbúrẹ́dì wí lórí fóònù. "Gbogbo wa la gbọ́."

"Ọmọ mi ò kú, sà."

"Hẹn-ẹn. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ìyá tèmi náà, nígbà tí àbúrò wa lọ, oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ń bu oúnjẹ sílẹ̀ dè é. Ẹ má bá ara yín jà."

"Mo ní kò kú! Iwájú rẹ̀ ni mo dúró sí yìí!"

"Ẹ sinmi, ìyá. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan jókòó tì yín. Owó yẹn, mo ti dá a padà sínú òwò. Bí ètò ìsìnkú bá délẹ̀, a máa rí nǹkan ṣe sí i."

Ó pa fóònù. Nígbà tí Ìyá Lọ́yà tún pè é, kò gbé e mọ́.

Ilé Tíṣà Àgbà ni àwọn tó ń kó owó iṣẹ́ abẹ náà jọ ti ń ṣèpàdé. Ìdajì àdúgbò ló ti nà rí ní kíláàsì. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé wọn ò tíì sọ fún ohùn rẹ̀. Láti ojú títì ni Ìyá Lọ́yà ti ń gbọ́ ọ. Ẹni mẹ́ta ló bá nínú pálọ̀: Tíṣà fúnra rẹ̀, Onítẹ̀wé tó tẹ ìwé náà, àti Bàbá Lọ́yà, ọkọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà, tó jókòó sórí àpótí nítòsí ilẹ̀kùn, tí sìmẹ́ǹtì kún ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ wọn ṣáájú rẹ̀.

"Wò ó!" Tíṣà Àgbà ń ju ìwé kan sókè sódò. "Ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ rèé, pẹ̀lú bírò pupa. Kí ni mo fi sórí u yìí? Àmì ìsàlẹ̀! Dò! Mo kọ kù. Ta ló kọ kú?"

"Ẹ wò ó, sà," Onítẹ̀wé dáhùn, "gbogbo ìwé yín ló kún fún àmì. Ó dà bí ìgbà tí eṣinṣin yàgbẹ́ sí i. Mo nù ún kúrò kó lè mọ́ ni."

"Eṣinṣin! Àmì ohùn lò ń pè ní ìgbẹ́ eṣinṣin?"

"Ta ló tún ń fi àmì sí nǹkan láyé ìsinsìnyí? Ẹni tó bá kà á á mọ̀ ọ́n."

"Wọ́n kúkú ti mọ̀ ọ́n! Ṣé o ò rí i bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n?"

Ìyá Lọ́yà dúró láàárín pálọ̀, omi bàtà òjò rẹ̀ ń ṣàn sórí kápẹ́ẹ̀tì Tíṣà. Ọmọ rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ètè dúdú, àgbàlagbà méjì sì jókòó, wọ́n ń jà nítorí ìgbẹ́ eṣinṣin. Ó ṣe é bíi pé kó gbé tábìlì wọn sọ síta.

"Ṣé ẹ ti parí?"

Tíṣà Àgbà nawọ́ sí àga. "Jókòó, ọmọ mi. Mo mọ bó ṣe rí lára rẹ. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́..."

"Ẹ má pòwe fún mi, sà. Wọ́n béèrè òkú ọmọ mi lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì láàárọ̀ yìí. Òwe wo ló bá ìyẹn mu?"

Tíṣà Àgbà gbé ìwé ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pa á lẹ́nu mọ́.

"Mo tún ní ìbéèrè kan. Bí gbogbo àmì yín bá pé, tó wà níbẹ̀ rekete, ta ló ní kẹ́ ẹ kọ ọ́ pé ó kù? Kí nǹkan tó ṣẹ́ kù, ohun kan ti kọ́kọ́ lọ. Ta ló sọ fún yín?"

Tíṣà tún awò ojú rẹ̀ ṣe. "Kí àánú lè ṣe wọ́n ni. Ọmọ kan ń ṣàìsàn, ó dun èèyàn. Ọmọ kan ṣoṣo tó kù, á dun ọ̀dájú pàápàá. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, ọmọ mi. Owó la ń wá."

"Nítorí náà lẹ ṣe gbé ọmọ mi tó kú pàtẹ."

Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kí wọ́n tó kó wá sí àdúgbò yìí, ọmọkùnrin kan wà, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́. Ìdajì wákàtí lẹ́yìn náà, kò sí mọ́, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé ọkàn ni. Ìyá rẹ̀ fọ gbogbo aṣọ rẹ̀, ó ká wọn, ó kó wọn fún ẹlòmíràn, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kẹta. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ọmọ náà nínú ilé òun mọ́. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Àwòrán rẹ̀ kan kò sí lára ògiri. Lọ́yà, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà náà, ti gbàgbé pé òun ní ẹ̀gbọ́n rí.

"Mo ní ta ló sọ fún yín?"

"Èmi ni," ọkọ rẹ̀ dáhùn láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.

"Ìwọ?"

Gbogbo wọn ló gbọ́ ọ. Láti ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, "ẹ̀yin" ni Ìyá Lọ́yà ń pè é, ì báà jẹ́ nínú ẹ̀rín, ì báà jẹ́ nínú ìjà. Onítẹ̀wé sọ ojú kalẹ̀, ó ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Èmi ni," Bàbá Lọ́yà tún wí. "Tíṣà bi mí pé ọmọ mélòó la bí. Mo ní méjì. Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti ń sọ fún gbogbo ayé pé ọ̀kan ni. Ọ̀kan, ọ̀kan, ọ̀kan! Ọmọ mi lòun náà. Lọ́jọ́ tí mo sọ pé méjì yẹn, ẹ̀yìn ilé ni mo lọ sunkún sí."

"Ta ló ní kí o má sunkún nínú ilé?"

"Ìwọ ni."

Ìbínú Ìyá Lọ́yà ò lọ. Kò kàn mọ ẹni tó yẹ kó dà á lé lórí mọ́ ni.

Tíṣà Àgbà wúkọ́. "A máa tẹ òmíràn. A máa yọ ìlà yẹn kúrò pátápátá."

"Ẹ̀rọ mi wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe," Onítẹ̀wé wí wúyẹ́wúyẹ́. "Àfi ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀."

"Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa fi ọmọ ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀."

Ó ki ọwọ́ bọ àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ba kálàmù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ní ilé ìfọṣọ nìyẹn. Kò sí aṣọ tó ń wọ omi láìjẹ́ pé ó ti fi íńkì yẹn sàmì sí ọrùn rẹ̀, nítorí pé aṣọ tí kò bá lámì, ẹni tó bá kọ́kọ́ nawọ́ mú un ló ni ín. Omi gbígbóná ò lè bó àmì náà, ọṣẹ ò lè bó o.

"Ẹ kọ́ mi, sà. Èwo ló ń jẹ́ kó kù?"

Tíṣà Àgbà mú bírò pupa, ó fà á sórí ìwé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Látòkè lápá òsì, wá sísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn."

"Ìwé mélòó lẹ lẹ̀ síta?"

"Ogójì."

Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Dìde. O mọ ibi tẹ́ ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri ilé ìtajà oògùn. Wọ́n ṣe ti òpó iná, wọ́n ṣe ti géètì ilé ẹ̀kọ́. Bàbá Lọ́yà á fi àtẹ́lẹwọ́ na ìwé náà kó má ká jọ, ìyàwó rẹ̀ á wá fi àmì náà sí i, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kó dé inú ògiri. Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ọkùnrin náà jáde sí wọn pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ó dojú kodò.

"Ìyá, ẹ kú ara fẹ́ra kù."

"Ara wa ò fẹ́ra kù. Ẹ kà á."

Onígbàjámọ̀ wo ìwé, ó wo Ìyá Lọ́yà, ó tún wo ìwé. "Tó... kù?"

"Ẹ ṣeun. Ẹ sọ ọ́ fún gbogbo orí tẹ́ ẹ bá fá lónìí."

Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́ nígbà tí wọ́n dé ilé búrẹ́dì. Búrẹ́dì gbígbóná ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, àwọn ènìyàn sì tò dé ẹnu ọ̀nà. Ìwé náà wà lára gíláàsì níwájú Oníbúrẹ́dì gan-an, ó sì ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti àárọ̀ láìronú kàn án. Bó ṣe rí Ìyá Lọ́yà báyìí, ó mí kanlẹ̀.

"Ìyá, ṣebí mo ní kí ẹ sinmi."

Ìyá Lọ́yà ò dá a lóhùn. Ó fi àmì sí i. Ó já ìwé náà kúrò lára gíláàsì, ó sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì tí wọ́n ti ń sanwó.

"Ẹ kà á síta."

"Ìyá, àwọn oníbàárà..."

"Ẹ kà á síta, sà. Ẹ mọ̀wé."

Oníbúrẹ́dì ṣẹ́ ojú. "Ọmọ kan ṣoṣo tó... kù fún ìyá rẹ̀ nìyí."

"Ẹ tún un kà."

"Tó kù." Ọkùnrin náà gbé ojú sókè. "Ó kù?"

"Bẹ́ẹ̀dì kẹrin ló wà. Ó ń bá nọ́ọ̀sì ṣẹjọ́."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín láàárín àwọn tó tò. Ojú ti Oníbúrẹ́dì, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tajà kì í fẹ́ nìkan ru ìtìjú. "Ẹ̀yin náà jẹ̀bi, ìyá," ó wí. "A ò gbọ́ rí pé ẹ bí ju ẹyọ ọ̀kan lọ. Lójijì, ó di pé ó kù. Ó kù nínú mélòó? Ènìyàn ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ mọ́."

Bàbá Lọ́yà fa èémí bí ẹni tó fẹ́ dáhùn. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Kò tún ní sọ ọ́ mọ́ láìgbàṣẹ.

Ìyá Lọ́yà wo gbogbo àwọn tó tò. Inú ń bí i sí wọn, sí búrẹ́dì tó wà ní abíyá wọn, sí ọmọ wọn tó pé sílé. Inú ń bí i sí Oníbúrẹ́dì tó ń ka òkú rẹ̀ bí ẹni tó ń ka búrẹ́dì. Ó ṣí ìdérí kálàmù. Ní àyè funfun tó wà lábẹ́ àwòrán, ó kọ ọ́, ó fi àmì sí i, kò fo ọ̀kan:

Ọ̀kan kú. Ọ̀kan kù.

Ó yí ìwé náà sí Oníbúrẹ́dì.

"Ẹ ka ìyẹn náà."

Oníbúrẹ́dì kà á. Lẹ́yìn náà ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó pe ìyàwó rẹ̀ kó wá dúró nídìí tábìlì, ó ní òun fẹ́ bá wọn dé ọsibítù lálẹ́ yìí kí àwọn tó ń gbowó tó lọ. Ìyá Lọ́yà ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó fi owó alààyè pamọ́ de ìsìnkú rẹ̀, ọjọ́ mìíràn ni wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ olúwa rẹ̀.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Nọ́ọ̀sì kọ orúkọ Lọ́yà sí pátákó: aago méje òwúrọ̀ ọ̀la. Bàbá rẹ̀ fa áńkáṣíìfù yọ láti nu ojú, ìwé ilé búrẹ́dì tó ti ká sí mẹ́rin sì bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Kó tó nawọ́ sí i, Lọ́yà ti tú u.

"Èmi nìyí! Kí ni wọ́n kọ sí mi lábẹ́?" Ó fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. "Ọ̀kan... kú. Ọ̀kan... kù." Kò ṣì í kà. "Ta ni ọ̀kan tó kú?"

Nọ́ọ̀sì dọ́gbọ́n jáde. Bàbá Lọ́yà dúró bí òpó. Inú Ìyá Lọ́yà ṣì ń bí i, ó mọ̀ pé ó máa bí i fún ìgbà pípẹ́, sí Tíṣà, sí Onítẹ̀wé, sí ara rẹ̀ jù lọ. Ó ti ìrọ̀rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ni," ó wí. "Sọ́jà la máa ń pè é."

Lọ́yà ro ẹjọ́ náà. "Kí ló dé tẹ́nì kankan ò sọ fún mi?"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n má sọ."

"Ìyẹn ò dáa."

"Kò dáa."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń pè é ní Sọ́jà?"

Ìyá Lọ́yà wo ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n ṣe," ó wí fún un. "Ẹ fi hàn án."

Bàbá Lọ́yà na apá méjèèjì mọ́ ìhà. Ó gbé àyà sókè, ó sì yan láàárín bẹ́ẹ̀dì kẹrin àti ìkarùn-ún, pẹ̀lú bàtà tí sìmẹ́ǹtì kún, omi ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Rárá o," ìyàwó rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ le. "Ẹsẹ̀ òsì ló máa ń kọ́kọ́ gbé."